Mo ti fẹ̀yìntì, àmọ́ n kò ráyè fún ara mi

Ìbéèrè: Mo fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn ọdún 35 nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ ọdún 59 ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé, ọkọ mi ti ṣaláìsí. Nǹkan mẹ́ta ni mo ti ní lọ́kàn kí n tó fẹ̀yìntì: kí n gba oríkì ilé wa lẹ́nu ìyá mi tó wà ní Ìkìrun, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye; kí n kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán; kí n sì gba dìgírì, torí dìpúlómà ni mo fi ṣiṣẹ́. Ìyá mi ti di ẹni ọdún 83. Oṣù 14 ti kọjá, n kò tíì ṣe ọ̀kankan. Ọmọ mi obìnrin máa ń kó ọmọ rẹ̀ méjì wá láago méje àárọ̀, á wá kó wọn láago márùn-ún, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọdún mẹ́ta ààbọ̀, àbúrò jẹ́ ọdún kan ààbọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òde. Ọjọ́ Àìkú, ìsìn àti ìpàdé ẹgbẹ́. Bí mo bá jókòó lálẹ́, fóònù ni, oorun á sì gbé mi lọ. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Manchester tún ní kí n máa bọ̀ lóṣù kẹwàá, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni, àbí ọjọ́ orí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, mà, ẹ sì kú iṣẹ́ ọdún 35. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Iṣẹ́ ìjọba, aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún: wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ọmọ títọ́jú, aago méje sí aago márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún: wákàtí 50. Iṣẹ́ tuntun ni ẹ gbà, mà, ó sì fi wákàtí mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ lọ́sẹ̀. Kò ní ìsinmi ọdọọdún, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ tó lè dì í mú fún yín lọ́jọ́ tí ara yín kò bá yá. Ẹni ọdún 59 tó ń ṣe iṣẹ́ wákàtí 50, tó tún fẹ́ fi alẹ́ kọ́ nǹkan tuntun, oorun á gbé e lọ dandan ni. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ọjọ́ orí kọ́ sì ni. Ó ti rẹ̀ yín ni.

Ohun tó yí padà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìntì rèé. Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìbuwọ́lù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ló ń bá yín ṣọ́ àkókò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ní kí ẹ wá bá òun ra ata láago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí gbogbo ẹbí mọ ibi tí ẹ wà. Ìwé yẹn ti kúrò nílẹ̀, oníkálukú sì gbà pé àkókò yín ti di oko tí kò ní ọgbà. Wọn kò fi ìkà ṣe é. Ẹ̀yin náà kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn wákàtí kan ní orúkọ. Gbogbo ohun tí màá sọ nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ ṣe máa mọ ọgbà yẹn padà, àti ohun tí ẹ máa gbìn sínú rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ẹ fà á sí ìlà wákàtí-wákàtí láti aago márùn-ún àárọ̀ dé aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lẹ́yìn ti ọ̀sán, àti kí ẹ tó sùn. Ẹ má dúró di alẹ́ kí ẹ tó kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí ohun tí èèyàn máa ń gbàgbé ni àwọn ìṣẹ́jú 20, 30 tó ń yọ́ lọ. Fóònù tún ń kọ ti tirẹ̀ sílẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ wọ inú ètò fóònù (Settings), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Digital Wellbeing sí, ẹ ó rí iye wákàtí tí WhatsApp àti Facebook gbà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye náà sínú ìwé bó ṣe rí gan-an. Ọjọ́ 14 ni mo sọ, kì í ṣe méje, torí ọ̀sẹ̀ kan lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ òkú tàbí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, kò sì ní fi bí ayé yín ṣe ń rí hàn.

Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́, ẹ mú ẹyọ kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ̀yìntì ti ń kùnà: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lóṣù kan náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì kú lóṣù kẹta. Èyí tó yẹ kó ṣáájú kò ṣòro mú. Dìgírì á dúró dè yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ á dúró dè yín. Ìyá yín ti pé ọdún 83. Fún oṣù mẹ́fà sí i, oríkì yẹn nìkan ni iṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ ọ́ síta fún gbogbo ilé pé iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ̀rín wọn sì wúlò fún ilé tí ọkọ ti ṣaláìsí. N kò ní kí ẹ dá wọn padà. Ọjọ́ méjì péré ni kí ẹ gbà kúrò nínú márùn-ún: Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ti pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ti tó lọ jẹ́léósinmi. Fún àbúrò, àwọn òbí rẹ̀ á wá ẹni tó lè mú un lọ́jọ́ méjì yẹn, bóyá ìyá ọkọ ọmọ yín, bóyá jẹ́léósinmi tó ń gba ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, ẹ má bá wọn wá a, torí bí ẹ bá ń bá wọn wá a, ẹ̀yin náà lẹ máa padà di ìdáhùn.

Ẹ má gbójú lé oorun ọ̀sán ọmọdé. Ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ ni pé "bó bá ti sùn, màá jókòó kọ̀wé." Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ sábà máa ń sùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ṣùgbọ́n kì í sùn lásìkò kan náà lójoojúmọ́. Iyè yín kò ní lè wọlé sínú iṣẹ́ bí etí yín bá ń retí ẹkún. Lọ́jọ́ tó bá tiẹ̀ sùn dáadáa, ẹ̀yin náà á ti sùn.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ yín ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ tó pẹ́ dé, torí á dà bí ìbínú. Ẹ pe òun àti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ fún wọn ní oṣù kan gbáko kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ náà. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mo fẹ́ gba oríkì ilé wa lẹ́nu ìyá mi kí ọjọ́ tó lọ, àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ló ni ín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni màá máa gbà wọ́n. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọdún, ẹ tún ọjọ́ yẹn dá pẹ̀lú ohùn tútù. Lọ́sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan pé "lónìí nìkan." Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ní ìpàdé níbi iṣẹ́, ẹ má gbà á, torí ìpàdé kò ní tán níbi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀sẹ̀ yín ṣe máa rí nìyí. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá ààbọ̀, iṣẹ́ oríkì lórí tábìlì: wákàtí márùn-ún. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15, ìdánrawò àmì ohùn: wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí méje lọ́sẹ̀. Ó kéré lójú, àmọ́ ó pọ̀ ju odindi oṣù 14 tó kọjá lọ. Ẹ wá tábìlì kan tí wọn kì í jẹun lórí rẹ̀, kí ìwé yín lè wà ní ṣíṣí síbẹ̀ láti Ìṣẹ́gun dé Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní láti máa palẹ̀ ìwé mọ́ kí wọ́n tó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ kò ní palẹ̀ rẹ̀ síta mọ́. Fún ti òwúrọ̀, ẹ gba iná sínú àtùpà oníbátìrì láti alẹ́, nítorí iná ìjọba kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ. Fóònù á wà ní yàrá mìíràn. Ẹ lè fún ọmọ yín ní òye pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kíákíá, kí ó pè lẹ́ẹ̀mejì léraléra.

Ẹ má fi iṣẹ́ yìí sí alẹ́ rárá. Òwúrọ̀ ni ara àgbà máa ń yá, ọ̀pọ̀ yín sì ti jí láago márùn-ún bó ti wù kó rí. Oorun tó tó wákàtí méje ni ọpọlọ fi ń to ohun tí ẹ kọ́ lójú mọmọ, nítorí náà ẹni tó bá wo fóònù di agogo méjìlá òru ti ba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì jẹ́.

Ní báyìí, iṣẹ́ gan-an. Oríkì kì í ṣe ewì tí wọ́n há sórí tí wọ́n lè kà fún fóònù. Èèyàn ni wọ́n ń kì. Bí ẹ bá gbé fóònù síwájú ìyá yín tí ẹ ní "ẹ ka oríkì ilé wa," ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa sọ, wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé ìyókù. Wọn kò gbàgbé. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kì níwájú wọn ni. Ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ní àárọ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi oríkì àbísọ yín pè yín, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ bọ́ sí oríkì orílẹ̀, ìyẹn ti ìran yín. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ọmọ yín dání kí wọ́n kì í. Ẹ tún pe obìnrin ilé mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn: ibi tí ọ̀kan bá ti dákẹ́, ìkejì á gbà á, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́ rí. Ẹ béèrè ẹkún ìyàwó pẹ̀lú. Lágbègbè yín níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá tó wà ní ọjọ́ orí wọn ló sun ún nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, orin rẹ̀ sì máa ń tú oríkì mìíràn jáde.

Ètò gbígbà náà rọrùn, àmọ́ ìṣìnà kékeré ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú (Airplane mode), torí bí ẹnì kan bá pè, ohùn gbígbà lè dúró láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yẹra fún ọjọ́ tó ṣú òjò, nítorí òjò lórí páànù á bo ohùn mọ́lẹ̀. Ẹ ká ìborùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ gbé fóònù lé e, kí jíjìn rẹ̀ sí ẹnu wọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Bó bá wà lórí igi tábìlì lásán, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kan tábìlì lẹ máa gbọ́ bí ẹni ń gbá ìlù. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan láti fi dán an wò, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gidi. Ohùn yín ni kó kọ́kọ́ wọlé: orúkọ ìyá yín, ìlú, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ogójì ìṣẹ́jú ti tó fún ẹni ọdún 83. Bí wọ́n bá ṣi ìlà sọ tàbí tí wọ́n fò, ẹ má dá sí i. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́nu oríkì, ó máa ń ṣòro fún un láti padà síbi tó wà, ohun tí ẹ sì pè ní àṣìṣe lè jẹ́ bí ẹ̀ka ilé wọn ṣe ń sọ ọ́. Ìbéèrè ìtumọ̀ di ìgbà tí ẹ bá tún lọ. Nígbà yẹn, ẹ tan ohùn náà fún wọn, kí ẹ máa dá a dúró: "Màámi, kí ni wọ́n ń pè báyìí? Ta lẹni yìí?"

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó sùn, ẹ̀dà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà: ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí fláàṣì tó wà nínú àpótí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ yín ní Manchester. Bí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ yan ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi ìwé ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ Document sí, kí fáìlì náà lè dé bó ṣe wà. Bí èyí bá rú yín lójú, ẹ pe ọmọ ilé kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ọ̀rọ̀ fóònù ni òwe yẹn ń bá wí lóde òní. Kí ẹ sì tó fi ohunkóhun sínú ẹgbẹ́ ẹbí lórí WhatsApp, ẹ bi ìyá yín. Oríkì máa ń mẹ́nu ba ogun, ìwọ̀fà, ẹrú àti ìjà ilé, ìlà kan ṣoṣo sì lè dá ọ̀rọ̀ tó ti kú sílẹ̀ padà láàárín àwọn ọmọ bàbá.

Kíkọ ló ń gba àkókò. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àmì ohùn, ìṣẹ́jú kan oríkì lè gba ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí ìwé. Bí ẹ bá mú 25, ogójì ìṣẹ́jú á gba bíi wákàtí 17. Pẹ̀lú wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìrìn kan sí Ìkìrun lóṣù ni mo dámọ̀ràn, ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá ń lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba ohùn, ohùn á pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìwé á ṣófo. Àbẹ̀wò ìyá láìsí fóònù kò wọ inú ìṣírò yìí.

Fún àmì ohùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹnu yín ti mọ̀. Ohùn mẹ́ta la ní. Ẹ fi imú kùn ún: ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí. Àárín ni a kì í fi àmì sí. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ẹ kùn wọ́n títí etí yín á fi yà wọ́n sọ́tọ̀ láìrò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún igba, igbá, ìgbà àti igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Òfin kan á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àṣìṣe: ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tó bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ yẹn kì í gba ohùn òkè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ẹ ti fi àmì òkè sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣì í kọ.

Nínú oríkì, àwọn ọ̀rọ̀ máa ń jẹ ara wọn. Gbé ọmọ á di gbọ́mọ: fáwẹ́lì ti lọ, ohùn òkè rẹ̀ kò lọ, ó bọ́ sórí fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e. Ra ẹja á di rẹja. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sí ìlà òkè, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún sí abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá gbọ́ yéké, ẹ fi àlàfo àti àkókò sílẹ̀, bíi "ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú àáyá 40," kí ẹ má fi àbá dí i. Ìlà tí wọ́n fi àbá dí máa ń di òótọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún Bíbélì àti ìwé orin àtijọ́ tó wà nílé. Ojú yín ti mọ́ "aiye," "enia" àti "nwọn" níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, ayé, ènìyàn àti wọ́n ni a ń kọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń kọ̀wé dáadáa ló ń da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Bí ẹ ṣe máa fi ìṣẹ́jú 45 òwúrọ̀ kọ́ ọ nìyí. Ẹ mú ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà láti inú ìwé Yorùbá tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á kọ láìfi àmì sí i, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ wá fi àmì sí i fúnra yín. Ẹ ṣí ìwé, ẹ fi bírò pupa ṣàtúnṣe lójú ẹsẹ̀. Àtúnṣe tó bá di ọ̀la ti pẹ́, torí àṣìṣe náà á ti sùn sínú ọpọlọ pẹ̀lú yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ṣì, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ tún dán ara yín wò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá. Kíkà léraléra máa ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Gbígbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé ló ń jẹ́ kó dúró. Ẹ̀kọ́ tuntun máa ń lọ́ra díẹ̀ láti wọlé fún àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ tí àgbà ti mọ̀ kì í dín kù bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ yìí sì rèé, ọ̀rọ̀ lolówó. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi èdè Yorùbá kún Gboard, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé Google, lórí fóònù.

Ara ló ń gbé gbogbo èyí. Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ lọ yẹ ojú yín wò lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú pẹ̀lú. Gíláàsì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì máa ń ní agbára kan náà lójú méjèèjì. Bí ojú yín kò bá dọ́gba, orí fífọ́ ni ẹ ó máa kà mọ́ ìwé, ẹ ó sì rò pé ẹ̀kọ́ ló le. Ìfúnpá ojú ní tirẹ̀ kì í dunni, ó kàn ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò, torí epo etí tó dì lè mú kí ohùn òkè àti àárín dà bí ọ̀kan. Ní ti rírìn, àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yá díẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ẹ fi èyí ṣe wákàtí tí kò ní iṣẹ́ nínú: láìgbé fóònù, láìgba ọjà bọ̀. Kò sí ohun tó ń tún inú ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ṣe tó o.

Òde wá ńkọ́? Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan kì í gba ọjọ́ kan. Aṣọ ẹbí gba ọjọ́ kan lọ́jà àti méjì lọ́dọ̀ télọ̀, àìsùn gba alẹ́ kan, ìdúpẹ́ gba ọjọ́ Àìkú. Ẹ pín in sí méjì: àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ dé, ìyẹn ẹbí, àna, aládùúgbò tó bá yín jókòó nígbà ọ̀fọ̀ ọkọ yín, àti àwọn tí owó yín lè dé dípò yín. Fún àwọn ìkejì, ẹ pe ẹlẹ́yẹ kí ọjọ́ tó pé, ẹ kí i, ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ má gba aṣọ. Bí ẹ bá ti gba aṣọ, ẹ ti gbà láti lọ. Òde méjì lóṣù, Ìkìrun lẹ́ẹ̀kan, ilé lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí gbogbo rẹ̀ á dà rú. Ọmọ á ṣàìsàn, òkú á ṣubú. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọ̀sẹ̀ kejì san gbèsè, torí ẹni tó bá ń san wákàtí méje mọ́ méje á sá fún tábìlì yẹn. Ẹ padà síbi ètò náà wà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tó bá le gan-an, ìlà oríkì méjì péré, kí ẹ dìde.

Ti Manchester: ẹ lọ, ọmọ tuntun kò ṣeé fojú di. Àmọ́ ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà kí ẹ tó kúrò nílé. Ìwé àṣẹ àbẹ̀wò Britain sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá ọjọ́, oṣù mẹ́fà náà ni wọ́n máa rò. Ẹ gba ohùn ìyá yín ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù kẹwàá tó dé, kí ẹ kó wọn dání, nítorí ibẹ̀ dára fún kíkọ. Àárọ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn máa ń wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, òkùnkùn yẹn sì máa ń mú oorun wá. Ilé ìkàwé ìlú wà tí ẹ lè wọ̀ jókòó láìsanwó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ láti ìsinsìnyí pé wákàtí méjì lójúmọ́ ni tiyín níbẹ̀ pẹ̀lú.

Aṣọ rírán, lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rírà máa ń dà bí iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó nìkan la ná. Ẹ fi oṣù kan jókòó sọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn àti ojú yín gbà á. Dìgírì, National Open University tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba tì ní 1984, tí wọ́n sì tún ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, kò béèrè ìdánwò JAMB, ó sì ní ibùdó ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí dìpúlómà yín lọ bi wọ́n léèrè ipele tí wọ́n máa gbà yín sí. Ìwé oríkì tí ẹ bá ti kọ parí nígbà yẹn á wúlò fún yín bí ẹ bá yan ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ èdè.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ìyá yín. Ẹ má tíì dárúkọ oríkì. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí ara wọn máa ń yá jù láàárín ọ̀sẹ̀, àti aago tí wọ́n máa ń jẹun àárọ̀ tán.